Ìbéèrè Láti Àgbádárìgì: Ta Ni Ilé Ọtí Ṣí Sílẹ̀ Fún, Ta Sì Ni Ọlọ́pàá Ń Mú?

Àgbádárìgì àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ni àwọn lẹ́tà tí a tẹ̀ sójú ìwé yìí ti wá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè: ibi tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin máa ń péjọ sí ní ìlú ńlá, bí àwọ̀ ara àti owó ṣe pín ibẹ̀, àti ohun tí ojú wọn ń rí lọ́wọ́ ọlọ́pàá. A ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀ wá, a kò sì ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni mò ń ṣe fún àwọn àlejò tó ń wá wo ọjà ẹrú Vlekete àti erékùṣù Gberefu. Àlejò obìnrin kan, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, sọ fún mi pé ní ìlú tí wọ́n ti tọ́ òun dàgbà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kì í lọ sí ilé ọtí tí àwọn aláwọ̀ funfun tó jẹ́ bíi tiwọn ń lọ. Inú ilé ara wọn ni wọ́n ti ń ṣe fàájì. Ó yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ẹni tí ayé ń lé kiri kò yẹ kó tún máa lé ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. (Afinimọ̀nà, Àgbádárìgì)

Òótọ́ ni àlejò yín sọ. Ìyà tó ń jẹ èèyàn kì í mú kó gbàgbé ohun tí ìlú rẹ̀ ti fi kọ́ ọ láti kékeré. Aláwọ̀ funfun tó ń sá fún ọlọ́pàá nítorí ẹni tó fẹ́ràn, aláwọ̀ funfun náà ni síbẹ̀, ní ìlú tí òfin àti àṣà ti pín ilé ìwé, ilé gbígbé àti ilé oúnjẹ sí méjì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣí ilé ọtí, ìpín tó bá nílẹ̀ náà ló máa ń tẹ̀ lé.

Harlem ní New York ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù lọ. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìíní àti lẹ́yìn rẹ̀, àìmọye aláwọ̀ dúdú ṣí kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àwọn ìlú ńlá àríwá. Ní New York, àwọn onílé kò gbà wọ́n sí ọ̀pọ̀ àdúgbò, nítorí náà Harlem ni wọ́n kó jọ sí. Àwọn onílé mọ̀ pé wọn kò ní ibòmíràn láti lọ, wọ́n sì gbé owó ilé ga ju iye tí àwọn aláwọ̀ funfun ń san fún irú yàrá bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí owó iṣẹ́ àwọn ayálégbé wọ̀nyí kéré jọjọ. Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn dá sí i ni àríyá owó ilé. Ẹni tó ni yàrá yóò wá ẹni tó mọ dùùrù tẹ̀, yóò se oúnjẹ, yóò ta ọtí, yóò sì gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, títí owó onílé yóò fi pé. Láti 1920 sí 1933, òfin Amẹ́ríkà ka títa ọtí léèwọ̀, nítorí náà ọtí inú yàrá kò yàtọ̀ sí ọtí ìta lójú òfin. Àríyá yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin ti ń rí ara wọn. Ẹnikẹ́ni kò yà á sọ́tọ̀ fún wọn. Yàrá ojúlùmọ̀ ni, kò sì sí aṣọ́nà níbẹ̀ tí yóò máa wo aṣọ wọn tàbí àwọ̀ wọn kó tó ṣílẹ̀kùn.

Harlem náà ní ibi àpéjọ tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní Hamilton Lodge ti ń ṣe ijó ọdọọdún láti 1869, nígbà tó sì fi máa di àwọn ọdún 1920, ijó náà ti di ibi tí àwọn ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin ti ń díje fún ẹ̀bùn, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì ń kún inú gbọ̀ngán Rockland Palace ní òpópónà 155 láti wò wọ́n. Ọ̀pọ̀ aláwọ̀ funfun ń ti àárín ìlú wá wòran, wọ́n á jókòó sókè, wọ́n á wo ijó tán, wọ́n á sì padà sí àdúgbò tí kò jẹ́ gba àwọn oníjó náà láàyè. Ní òpópónà 133, Gladys Bentley, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń wọ kóòtù funfun àti fìlà gíga bí ọkùnrin, ń tẹ dùùrù, ó ń kọrin, kò sì fi pa mọ́ pé obìnrin ni òun ń fẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgboyà obìnrin yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe rò pé ọlọ́pàá gbàgbé Harlem. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn aláṣẹ fẹ́ kí ohun tí àwọn aláwọ̀ funfun kò fẹ́ rí ní àdúgbò tiwọn máa ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú, kí wọ́n sì lè tún fi ohun náà kan àwọn aláwọ̀ dúdú lábùkù. Ẹgbẹ́ aládàáni kan tó ń ṣọ́ ìwà àwọn ará ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní Committee of Fourteen, rán aláwọ̀ dúdú kan wọ Harlem ní 1928 láti máa tọpinpin àwọn ilé ọtí àti àwọn yàrá àríyá wọ̀nyí, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí aláwọ̀ funfun bá lọ, àṣírí rẹ̀ yóò tú.

Owó pín àwọn aláwọ̀ dúdú pàápàá níyà. A'Lelia Walker, ọmọ Madam C. J. Walker tó fi òwò ohun ìpara irun di olówó ńlá, a máa gba àwọn òǹkọ̀wé, olórin àti ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin lálejò nínú ilé rẹ̀ ní òpópónà 136 ní àwọn ọdún 1920. Inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣòro fún ọlọ́pàá láti ya wọ̀. Ẹni tó ń wá owó yàrá àti owó oúnjẹ kiri kò ní irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí mo rò pé àlejò yín ní lọ́kàn, tàbí ẹni tó jọ ọ́, ni Ruth Ellis ti ìlú Detroit. Wọ́n bí i ní 1899, ó sì kú ní 2000, lẹ́yìn tó ti pé ẹni ọdún 101. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe, inú ilé rẹ̀ ló sì ti ń ṣe é. Láti 1946 sí 1971, òun àti obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé, Ceciline Franklin, ṣí ilé náà sílẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ bíi tiwọn. Wọ́n á tẹ dùùrù, wọ́n á jó, wọ́n á ta káàdì. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí ìdílé wọn ti lé jáde rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀, àwọn míràn sì rí owó ilé ìwé díẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin méjèèjì. Ilé ọtí ìgboro Detroit kò fẹ́ wọn nítorí àwọ̀ wọn. Àwọn kan ládùúgbò náà kò sì fẹ́ wọn nítorí ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Ilé àdáni nìkan ló kù, ẹni tó ní ilé tirẹ̀ lára àwọn aláwọ̀ dúdú ìgbà náà kò sì pọ̀.

Ìwà náà kò dópin nígbà tí òfin ìpínyà parí. Ní Los Angeles ní àwọn ọdún 1970, ilé ijó ńlá kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Studio One, tí àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ń lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tó ti Mẹ́síkò ṣẹ̀ wá àti àwọn obìnrin fẹ̀sùn kàn án pé nígbà tí aláwọ̀ funfun ń wọlé wẹ́rẹ́, àwọn ni aṣọ́nà ń ní kí àwọn mú ìwé ìdánimọ̀ méjì tàbí mẹ́ta wá. Àwọn ènìyàn gbé àkọlé síwájú ilé náà láti fi ẹ̀hónú hàn. Kò sí òfin tó ní kí aláwọ̀ dúdú má wọlé, ìwé nìkan ni wọ́n kàn ń béèrè. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Jewel Thais-Williams, ṣí ilé ijó tirẹ̀ ní Los Angeles náà ní 1973, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ darí rẹ̀ títí di 2015. Ẹnikẹ́ni tó bá dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló ń wọlé. Ní New York, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń múra bí obìnrin rí i pé àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n sábà ń fún ní ẹ̀bùn nínú ìdíje, ọ̀kan lára wọn, Crystal LaBeija, sì kọ̀ fún àwọn tó ṣètò ìdíje náà ní gbangba ní 1967. Láti inú ìbínú yẹn ni àwọn ìdíje tí àwọn aláwọ̀ dúdú fúnra wọn ń ṣètò ti gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Àwọn gbọ̀ngán Harlem ni wọ́n sì padà sí.

Ọ̀gá olóòtú, mo kí yín. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Mo kà pé ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Stonewall ní New York ni ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1969, pé àwọn ọ̀daràn ló sì ni ilé ọtí náà. Ẹlẹgbẹ́ mi kan ní àwọn ọmọ olówó aláwọ̀ funfun ló jà níbẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló dé tí ilé ọtí wọn fi bọ́ sọ́wọ́ ọ̀daràn? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ajárá)

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kejì, nítorí òun ló ṣí ilẹ̀kùn sí èkínní. Nígbà tí òfin tó ka ọtí léèwọ̀ dópin, ìpínlẹ̀ New York dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1934 tí yóò máa fún àwọn ilé ọtí ní ìwé àṣẹ. Òfin sọ pé ilé ọtí kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi ìwà àìtọ́. Àwọn aláṣẹ sì túmọ̀ rẹ̀ pé bí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bá ti ń péjọ níbì kan, ìwà àìtọ́ ti dé ibẹ̀ nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n kàn jókòó mu bíà. Onílé ọtí tó fẹ́ tẹ̀ lé òfin kò lè gbà wọ́n mọ́. Ẹni tó lè gbà wọ́n ni ẹni tí kò bìkítà fún òfin, tó sì mọ ọ̀nà tí owó ń gbà dé ọwọ́ ọlọ́pàá. Bí Mafia, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀daràn ńlá ní Amẹ́ríkà, ṣe gba òwò náà nìyẹn.

Ilé Stonewall, nọ́ńbà 51 sí 53 ní òpópónà Christopher, di ilé ọtí irú bẹ́ẹ̀ ní 1967. Kò ní ìwé àṣẹ ọtí. Àwọn tó ni ín ń ṣe bí ẹni pé ilé ẹgbẹ́ àdáni ni, wọ́n ń mú kí àwọn oníbàárà kọ orúkọ sínú ìwé, ọ̀pọ̀ wọn sì ń kọ orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Omi ẹ̀rọ kò sí lẹ́yìn tábìlì tí wọ́n ti ń ta ọtí, inú ọpọ́n omi kan náà ni wọ́n ti ń ṣan kọ́ọ̀pù. Wọ́n ń bomi la ọtí, wọ́n sì ń tà á wọ́n. Àwọn ọlọ́pàá ń gba owó ẹ̀yìn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wá kó àwọn ènìyàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí ó lè jọ pé wọ́n ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Èkó mọ bí ṣẹkípọ́ìǹtì ṣe rí: bí ọlọ́pàá kan bá ti gba tiẹ̀, ìyẹn kò ní kí ti iwájú má tún dá ọkọ̀ náà dúró, ẹni tó sì wọ ọkọ̀ èrò ni yóò sọ̀kalẹ̀ tú báàgì rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ńlá tí gíláàsì rẹ̀ dúdú ń kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ilé ọtí wọ̀nyí ṣe rí fún àwọn tó ń lọ síbẹ̀.

Nípa ẹni tó jà, ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí á yẹ̀ wò dáadáa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wọ Stonewall jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ funfun lóòótọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Puerto Rico sì wà láàárín wọn. Púpọ̀ nínú wọn kò ní nǹkan. Àwọn ọmọ tí òbí ti lé jáde, tí wọ́n ń sùn sínú ọgbà kékeré tó wà ní ọ̀ọ́kán ilé ọtí náà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kojú ọlọ́pàá ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 1969. Olówó kì í sábà sí níbẹ̀. Ọkùnrin tó ní iṣẹ́ ńlá ń ṣe tirẹ̀ nínú ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí ní ilé ìsinmi létíkun, ẹ̀rù ìwé ìròyìn sì ń bà á, nítorí àwọn ìwé ìròyìn a máa tẹ orúkọ àwọn tí wọ́n mú jáde, iṣẹ́ ẹni náà sì máa ń bọ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tí kò ní iṣẹ́, tí kò ní ilé, tí ọlọ́pàá ti mú lọ mú bọ̀, kò ní ohun tí yóò tún pàdánù. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ya wọ ilé ọtí kan, àwọn tó wọ aṣọ obìnrin ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ tí wọ́n ń mú lọ sí ilé ìyàgbẹ́ láti yẹ̀ wọ́n wò. Ẹni tó wọ kóòtù, tó sì ní ìwé ìdánimọ̀, sábà máa ń gba ẹnu ọ̀nà lọ.

Àwọn tó wọ kóòtù náà ti gbìyànjú ní ọ̀nà tiwọn ṣáájú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin 1966, àwọn ọkùnrin díẹ̀ láti ẹgbẹ́ Mattachine, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tí wọ́n de táì dáadáa, wọ ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Julius' ní New York, wọ́n sọ fún ẹni tó ń ta ọtí pé àwọn jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, wọ́n sì ní kó ta ọtí fún àwọn. Ó fi ọwọ́ bo kọ́ọ̀pù. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú àwọn aláṣẹ, ó sì wà lára ohun tó mú kí ìtumọ̀ òfin náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Iṣẹ́ rere ni. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní San Francisco, ní àdúgbò àwọn tálákà tí ń jẹ́ Tenderloin, nínú ilé oúnjẹ Compton's. Àwọn tí wọ́n bí ní ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ayé bí obìnrin ló ń kó jọ síbẹ̀ lóru, nítorí ilé ọtí pàápàá ń lé wọn kí ọlọ́pàá má bàa tìtorí wọn wọlé, ilé oúnjẹ náà kì í sì í tì tọ̀sán tòru. Ọlọ́pàá kan gbá ọ̀kan nínú wọn mú, ẹni tí wọ́n gbá mú náà da kọfí gbígbóná sí ọlọ́pàá náà lójú, ilé náà sì dàrú. Kò sí oníròyìn níbẹ̀. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi mọ Stonewall tí wọn kò mọ Compton's: àwọn tó jà níbẹ̀ kò ní ẹnikẹ́ni nínú ìwé ìròyìn tí yóò ròyìn fún wọn, ó sì dùn mí pé bí ìtàn ṣe ń ṣe sí tálákà nìyẹn.

Olóòtú, ṣé àwọn baba ńlá wa ló ṣe òfin tó ní kí wọ́n máa ti ọkùnrin méjì mọ́lé ní Nàìjíríà, àbí àwọn òyìnbó ni? Mo sì gbọ́ pé àwọn òyìnbó náà ti pa tiwọn rẹ́. (Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àgbádárìgì)

Baba wa, àwọn òyìnbó ni. Òfin ìwà ọ̀daràn tí Samuel Griffith kọ fún Queensland ní Ọsirélíà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1901, ni àwọn aláṣẹ Gẹ̀ẹ́sì gbé wá sí àríwá Nàìjíríà ní 1904, tí wọ́n sì nà án dé gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1916. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà nínú rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè tiwọn, ìgbìmọ̀ ìjọba kan tí wọ́n ń pè ní Wolfenden dábàá ní 1957 pé kí wọ́n yí òfin tiwọn padà, wọ́n sì yí i padà fún England àti Wales ní 1967. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí òfin tuntun náà sọ: àwọn ọkùnrin méjì tó ti pé ọdún 21 kò jẹ̀bi bí wọ́n bá wà ní ìkọ̀kọ̀, bí ẹni kẹta bá sì wà níbẹ̀, kì í ṣe ìkọ̀kọ̀ mọ́. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ rí òmìnira gbà lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó ń yá yàrá gbé pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn, irú èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti Jàmáíkà àti Nàìjíríà dé ní London ń gbé, kò rí púpọ̀ gbà.

Ìdí nìyẹn tí ilé Pearl Alcock ní òpópónà Railton, Brixton, fi ṣe pàtàkì ní àwọn ọdún 1970. Ọmọ Jàmáíkà ni. Ó ń ta aṣọ lókè, ó sì ń ta ọtí nínú yàrá ìsàlẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, tí àwọn ilé ọtí àárín ìlú kò fi ọ̀yàyà gbà. Àdúgbò yẹn kan náà ni àwọn ọlọ́pàá ti ń dá àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dúró tí wọ́n ń tú àpò wọn wò láìnídìí, títí ìjà ńlá fi ṣẹlẹ̀ ní Brixton ní 1981. Oníbàárà Pearl tó bá jáde lóru ń bẹ̀rù ọlọ́pàá fún ìdí méjì.

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ilé àlejò kékeré kan ni mo ní ní Topo, mo sì máa ń yá àwọn ènìyàn ní gbọ̀ngán fún ọjọ́ ìbí àti ìkómọ. Lẹ́yìn ọjọ́ ìbí kan tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣe níbẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì tó pe ara wọn ní ọlọ́pàá wá sọ pé àwọn gbọ́ pé “irú àwọn èèyàn yẹn” ló ń péjọ sọ́dọ̀ mi, pé kí n máa fún àwọn ní owó lóṣooṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò ti ilé mi. N kò rí ohun burúkú kankan lọ́jọ́ náà. Kí ni òfin sọ? Ṣé kí n máa lé àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni? (Ìyá onílé àlejò, Topo)

Màmá, ẹ má ṣe san owó náà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn láti sọ, nítorí kì í ṣe ilé tèmi ni wọ́n fẹ́ tì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá san ti oṣù yìí ti gbà pé òun jẹ gbèsè ti oṣù tó ń bọ̀.

Òfin tí wọ́n ń fi dẹ́rù bà yín ni èyí tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2014. Ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó láàárín ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì. Ó fi ọdún 10 sí ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tó bá kópa nínú rẹ̀, tàbí tó bá fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, ó sì fi ọdún 10 náà sí ẹni tó bá ti ẹgbẹ́ tàbí ìpàdé irú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni àwọn onírìbá fẹ́ràn, nítorí kò ní ààlà tó ṣe kedere, wọ́n sì lè nà án dé ara ẹni tó yá ènìyàn ní gbọ̀ngán. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìbí kì í ṣe ẹgbẹ́. Kò sí ibi kankan nínú òfin náà tó sọ pé ìrìn ẹni tàbí aṣọ ẹni jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, tàbí pé onílé gbọdọ̀ béèrè lọ́wọ́ àlejò irú ẹni tó ń fẹ́. Abala 37 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa dáàbò bo ìgbé-ayé ìkọ̀kọ̀ ẹni, abala 40 sì dáàbò bo ẹ̀tọ́ láti péjọ. Èmi fúnra mi gbà pé òfin 2014 yẹn kò tọ́, pé ó fún ọlọ́pàá tó fẹ́ gba owó ní ohun èlò, àjọ Human Rights Watch sì ti kọ ọ́ sínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2016 pé bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń lò ó nìyẹn.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, nínú ìpínlẹ̀ wa yìí. Ní oṣù kẹjọ 2018, àwọn ọlọ́pàá ya wọ òtẹ́ẹ̀lì kan lóru, wọ́n kó ọkùnrin 57. Wọ́n ní ìgbaniwọlé sínú ẹgbẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọkùnrin náà ní ọjọ́ ìbí ni àwọn wá ṣe. Wọ́n tò wọ́n síwájú àwọn oníròyìn, ojú wọn sì hàn káàkiri ilé wọn àti ibi iṣẹ́ wọn kí ilé ẹjọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ kankan. Wọ́n gbé 47 lára wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Èkó lórí ẹ̀sùn pé wọ́n fi ìfẹ́ hàn ní gbangba. Ní oṣù kẹwàá 2020, Adájọ́ Rilwan Aikawa fagi lé ẹjọ́ náà, nítorí àwọn tó pè é kò mójú tó o bó ṣe yẹ. Kò sí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, ọdún méjì sì ti lọ. Kì í ṣe àwọn ilé ńlá olówó ní Ìkòyí ni irú ìyawọlé báyìí sábà ń ṣẹlẹ̀ sí. Òtẹ́ẹ̀lì tí owó yàrá rẹ̀ kò wọ́n, ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò ní nọ́ńbà ọ̀gá ọlọ́pàá lọ́wọ́, ni wọ́n ń yà wọ̀. Láti 2021 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ka títo afurasí síwájú oníròyìn léèwọ̀, kí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì lè sọ ọ́.

Ní ti lílé àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìrìn ẹni tó wọlé kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ti di aṣọ́nà fún àwọn tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín, àwọn ọmọ náà yóò sì wá ibòmíràn lọ, ibi tí ẹni tó ni ín kò ní bìkítà bóyá wọ́n padà sílé láyọ̀ tàbí wọn kò padà. Bí ilé ọtí New York ṣe bọ́ sọ́wọ́ Mafia nìyẹn.

Bí àwọn méjì náà bá padà wá, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ wọn, àgọ́ tí wọ́n ti wá àti ìwé ìdánimọ̀ wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé tí ilé ẹjọ́ fún wọn láti tú ilé yín hàn. Bí wọ́n bá mú ọmọ yín tàbí òṣìṣẹ́ yín, béèlì kò ní owó, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá fúnra wọn ló ń kọ ọ́ sára ògiri àgọ́. Bí wọ́n bá ní kí òṣìṣẹ́ yín ṣí fóònù rẹ̀ fún wọn, ẹ rán wọn létí pé ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ti kìlọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí wọ́n má ṣe máa tú fóònù ènìyàn kiri. Ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n kọ́kọ́ wá sílẹ̀, bí wọ́n ṣe rí, nọ́ńbà ọkọ̀ wọn bí ẹ bá rí i, àti iye tí wọ́n béèrè. Bí owó agbẹjọ́rò bá wúwo fún yín, àjọ Legal Aid Council wà fún àwọn tí kò ní, àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà náà sì ń gba ẹ̀sùn lòdì sí ọlọ́pàá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú ohun tí ẹ kọ náà lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí oṣù tí àwọn ọkùnrin náà dá fún yín tó parí.